Ìbéèrè Tí Wọn Kò Bi Obìnrin

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já àbígbẹ̀yìn mi lẹ́nu ọmú, òùngbẹ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ mí tí omi kò lè pa. Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó, níbi tí àwọn tí ń gun òkè bọ̀ láti Ọjà'ba ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n mí díẹ̀. Ife omi kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi. Aṣọ tí mo rán fún ara mi ń yọ̀ bọ́ léjìká mi, èèrà sì ń ṣù bo ibi tí mo bá tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí èèrà náà. Ọkọ mi, tí ó ń ṣe káfíńtà ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti ìlẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó mú mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé àtọ̀gbẹ ni, àti pé n ó máa gba abẹ́rẹ́ títí ayé mi.

Àìsàn yẹn fúnra rẹ̀ kò dẹ́rù bà mí tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Mo kọ́ bí a ṣe ń se abẹ́rẹ́ nínú ìkòkò kékeré, mo kọ́ bí a ṣe ń gún un sí itan, mo yí oúnjẹ mi padà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi ni ó bá mi jà.

Ara mi kọ ọkọ mi. Bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn, n kò sì ní fi aṣọ bò ó. Ọkùnrin tí mo fẹ́ràn, tí mo máa ń dá ìró bàtà rẹ̀ mọ̀ láàárín ìró bàtà gbogbo ènìyàn, bí ó bá fọwọ́ kàn mí, ó dà bí ẹni fọwọ́ kan pákó. Bí a bá sì sùn pọ̀, ibẹ̀ a gbẹ, a máa ta mí bí ìgbà tí ata bá kan ojú egbò. Ọkọ mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ó bi mí bóyá òun ṣẹ̀ mí, mo ní rárá. Ó bi mí bóyá ẹlòmíràn wà. Mo bú sẹ́kún, ẹkún náà sì di ìdáhùn létí rẹ̀. Ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ ń sùn ní pálọ̀.

Aládùúrà ni gbogbo ilé ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bẹ́yẹrúnkà. Wòlíì ríran pé mo ní ọkọ lójú oorun, pé òun ni kò jẹ́ kí n gba ti ọkọ ayé gbọ́. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀. Mo sọ fún wòlíì náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé bí mo bá gún abẹ́rẹ́ mi tí n kò jẹun, ilẹ̀ ni wọn yóò ti gbé mi. Ó ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré. Mo dìde, mo wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ. Èmi náà ń gbàdúrà, mo ṣì ń gbàdúrà títí di òní. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọkùnrin kan tí n kò rí rí ń bá mi sùn. Bí ó bá wà, ó yẹ kí èmi gan-an ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá ọkọ mi kò bá mi jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ní Òkè Àdó, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, onísùúrù, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ní ilé ìwòsàn, ọjọ́ kan wà fún àwa alátọ̀gbẹ. Orí bẹ́ǹṣì la máa ń jókòó sí, tọkùnrin tobìnrin. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọkùnrin lọ́kọ̀ọ̀kan wọ yàrá kan. Wọ́n ń pẹ́ níbẹ̀, bí wọ́n bá sì jáde, wọn kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Bàbá kan tí ń ta awọ ní Ọjà'ba máa ń jókòó tì mí. Nígbà tí ó jáde, mo bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá náà. Ó kọ́kọ́ fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé dókítà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ń ṣe ìwádìí, pé ó ń béèrè bóyá àtọ̀gbẹ ti sọ àwọn ọkùnrin di akúra. Ó ní dókítà náà sọ pé kì í ṣe ọwọ́ ayé, pé àìsàn náà ló ń ba iṣan jẹ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "ìyàwó mi kékeré ni mo ti ń fẹ̀sùn kàn láti ọjọ́ yìí."

Mo rò ó lórí bẹ́ǹṣì náà. Àwọn ọkùnrin ń rí ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ẹ̀bi wọn kọ́, èmi ni wọ́n ní kí n lọ gbààwẹ̀. Mo dìde, mo lọ tò sáàárín àwọn ọkùnrin. Nọ́ọ̀sì ní ti ọkùnrin nìkan ni. Mo ní mo ti rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n padà síbi tí mo wà, n kò padà. Bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí báyìí, mo wọlé.

Dókítà náà kò dàgbà jù mí lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó yára ní kí n dìde. Mo sọ fún un pé mo gbọ́ ohun tí ó ń bi àwọn ọkùnrin, pé mo wá gba ìbéèrè tèmi. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni ìwádìí òun dá lé, pé nínú gbogbo ìwé tí òun kà lókè òkun, òun kò rí ibi tí wọ́n ti bi obìnrin.

"Dókítà, ṣé inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin nìkan ni ṣúgà ń wọ̀?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ṣé obìnrin kò ní iṣan ni?"

Ó tẹjú mọ́ tábìlì. Ó ní òun rò pé kò sí obìnrin Yorùbá tí yóò dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ò tíì bi wá ni. Ẹ bi mí."

Kò lè bi mí. Ó ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì àgbà kan, obìnrin tí ó tó ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí, òun ni ó bi mí. Ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin ni ó ń yí padà bí ó ti ń lọ. Nígbà tí ó dé ibì kan tí kò ṣeé yí rárá, ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, dókítà kọjú sí fèrèsé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: gbígbẹ, títa, ara tó dà bí pákó. Nọ́ọ̀sì àgbà náà bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ràn ọkọ mi. Ibẹ̀ ni omi ti bọ́ lójú mi.

Dókítà ní òun kò lè purọ́ fún mi, pé kò sẹ́ni tó mọ púpọ̀ nípa tiwa. "Ṣùgbọ́n mo gbà yín gbọ́," ó ní. Nọ́ọ̀sì àgbà yẹ̀ mí wò, ó rí i pé àtọ̀gbẹ ti jẹ́ kí kòkòrò àrùn kan wọ ojú ara mi, pé òun ló ń ta mí. Wọ́n fún mi ní oògùn rẹ̀, àti ohun yíyọ̀ tí àwọn agbẹ̀bí ń lò, kí ibẹ̀ má baà gbẹ. Mo padà sórí bẹ́ǹṣì, mo sì sọ ohun tí ojú mi rí fún àwọn obìnrin tó kù. Ìyàwó tíṣà kan láti Pópó Yemọja, ọmọ Áńgílíkà tí kì í bọ́ gèlè, ní ohun ìtìjú ni mo ń sọ ní gbangba. Ìgbà tí a tún pàdé, òun ló sún mọ́ mi tó ń bi mí pé yàrá wo ni.

Dókítà ní kí n mú ọkọ mi wá. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní òun kò lè jókòó síwájú ọmọdé kí ó máa bi òun ní ọ̀rọ̀ yàrá. Mo ní, "Èmi jókòó síwájú rẹ̀." Nígbà tí ọjọ́ pé, ó wọ ẹ̀wù ìsìn rẹ̀, a jọ lọ.

Dókítà ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí a ń bọ̀, a sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Bẹẹrẹ. A rìn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá èérún pákó kúrò lórí àga kan fún mi.

"Mo rò pé o ti kọ̀ mí ni," ó ní.

"Ara mi ló kọ̀ yín. Èmi kò kọ̀ yín."

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá ọkọ mi kó àwọn ará ilé ọmọbìnrin Òkè Àdó wá sílé wa lẹ́yìn ìsìn. Mo gbé omi fún wọn, mo kúnlẹ̀ kí wọn, n kò sì jáde bí wọ́n ti rò pé n ó jáde. Mo ní, "Màmá, àtọ̀gbẹ ló ṣe mí bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n nílé ìwòsàn. Bí ọmọ yín bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó, kó jẹ́ pé ó wù ú. Ẹ má sọ pé torí ọkọ ojú oorun ni." Àwọn àlejò ń wo ilẹ̀. Ọkọ mi ní kò wu òun. Ìyá rẹ̀ bá wọn jáde, gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn ni kò fi tẹ ilé wa.

N kò ní sọ pé ohun gbogbo padà sípò. Títa náà lọ. Ìfẹ́ ara ń wá bí àlejò, ó ń wá, ó ń lọ, a kọ́ láti má lé e. Ọkọ mi kó ẹní rẹ̀ padà sí yàrá. Dókítà sọ ọ̀rọ̀ àwa obìnrin níwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀, wọ́n ní òfófó obìnrin kì í ṣe ìmọ̀. Ojú rẹ̀ fà ro nígbà tí ó ń sọ ọ́ fún mi. Mo ní kó tún lọ sọ ọ́. Ó ń bi àwọn obìnrin títí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ìlú mìíràn, n kò mọ̀ bóyá wọ́n tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Àwọn ọmọ mi ní kí n má kọ èyí, pé ojú ń ti àwọn. Ojú kò tì mí. Bàbá wọn ti kà á. Ó ní mo gbàgbé láti kọ ọ́ pé òjò pa wá lọ́jọ́ tí a jọ lọ sí ilé ìwòsàn, àti pé ẹ̀wù ìsìn rẹ̀ tí ó dára jù ni ó bàjẹ́.