Ẹ̀rọ Tí Mùsílíù Fi Sílẹ̀ ní Mùṣin

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rẹ́ mi Mùsílíù ni mo ń lọ wò ní Mùṣin. Ó ní kọ̀ǹpútà kan tó máa ń dá ṣiṣẹ́: á kó àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà táwa olùyọ̀ǹda ara ẹni kọ jọ, á dán wọn wò, á sì dì wọ́n kí ẹnikẹ́ni lè gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Láràárọ̀ ni ìmélì rẹ̀ máa ń wọlé: “Mo ti dì í, ó dára. Mùsílíù.” Tí mo bá ti rí i, mo gbà pé ara ọ̀rẹ́ mi le nìyẹn, n kì í pè é mọ́. Lójijì, ìmélì ò wá mọ́. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ.

Mo wọ rélùwéè ní Ìbàdàn. Ìjókòó mọ́, àmọ́ búrẹ́dì tí mo rà ti gbẹ. Inú òjò ni mo sọ̀ sí nítòsí Ọ̀yìngbò. Owó ọkọ̀ ibẹ̀ dé Mùṣin tó oúnjẹ ọ̀sán èèyàn méjì lọ́dọ̀ wa. Mo kí gbogbo èrò ọkọ̀, awakọ̀ nìkan ló dáhùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé bọ̀ ni? Èkó ò ráyè ìkíni o!”

Sẹ̀kínà, ìyàwó Mùsílíù, ló ṣílẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ ni? Inú ààwẹ̀ ló kú. A ti ṣe fidáù tipẹ́. Fóònù rẹ̀ ló tì pa, a ò rí nọ́ńbà yín.”

“Ó mà ń kọ̀wé sí mi títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá!”

“Ẹ̀rọ yẹn ló ń fi orúkọ rẹ̀ kọ ọ́. Ariwo fáànù rẹ̀ ni mo fi ń sùn ní gbogbo ìgbà tí mo wà nínú opó. Nígbà tí mo jáde opó, mo ní ó tó, mo pa á.”

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn ni mò ń ka ìmélì òkú, tí mo tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn èèyàn ń retí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n n ò lè la ẹnu bèèrè rẹ̀. Sẹ̀kínà rí i pé mo ń wò ó.

“Ṣé àwọn kan ń retí ẹ̀ ni?”

“Wọ́n pọ̀, ìyàwó wa.”

“Ẹ máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kó lè sinmi.”

Orí itan ni mo gbé e sí títí dé ilé. Mo tàn án, mo fi orúkọ mi sí i. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀: mo ń pe àwọn ọ̀rẹ́ mi báyìí, kí n lè gbọ́ ohùn wọn. Mo sì ti sọ fún ìyàwó mi pé lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹ̀rọ yẹn ni kó kọ́kọ́ pa.