Ìyá Tó Ń Mú Ìmọ́lẹ̀ Rọra Rìn

Táyà ọ̀tún ọmọlanke náà rì sínú ẹrẹ̀, ló bá yí bìrí, ó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń tì í ń ṣépè. Ìyá ní tiwọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìka tí omi dúdú ń kán lára rẹ̀ nà án sí mi.

"O rí i? Kí ló yí i?"

"Ẹrẹ̀ ni, mà."

"Táyà kan ti wọ ẹrẹ̀, ó ń falẹ̀. Èkejì ṣì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń sáré. Ó di dandan kó yà. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sóhun tó yára tó o, ṣùgbọ́n tó bá wọ omi, á rọra. Tó bá wọ gíláàsì, á tún rọra sí i. Ibi tí gíláàsì bá ti nípọn ló ti máa pẹ́ jù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n mọ ibi tí mo ti fẹ́ kó pẹ́."

Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, nìyẹn, láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin. Aládùúgbò wa ni Ìyá. Ọkọ wọn ló ń ṣe awò ojú. Nígbà tó kú, àwọn èèyàn ní kí wọ́n ta irinṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ṣe ni Ìyá jókòó sórí àpótí rẹ̀ tí wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Ìró gíláàsì lórí irin, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn dúdú àti omi, ló máa ń kí mi káàbọ̀ láti ilé ìwé. Òórùn òkúta tútù àti orógbó ló wà lára wọn. Mo fẹ́ràn wọn gan-an ni.

Mo sì nílò wọn lọ́dún yẹn. Nílé kéwú, èmi ni wọ́n fi ń yangàn, torí wàláà tí wọ́n kọ kéwú sí wà lórí itan mi, gbogbo wa la sì jọ ń ké e, ohùn àwọn yòókù ń gbé mi lọ. Níléèwé, pátákó jìnnà, ìkùukùu funfun ni mo ń rí lórí rẹ̀. Olódo ni wọ́n ń pè mí. Bàbá mi, tí wọ́n ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, ní tí táàmù bá ti parí, Ìsẹ́yìn ni mò ń lọ, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìyá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wo ojú mi ná.

Ìyá gbé mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi oríṣiríṣi gíláàsì sí mi lójú, wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri òdìkejì. Mo kà á geere: ẸNIKẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ TỌ̀ SÍBÍ. Kò sí ọmọ àdúgbò tí kò mọ̀ ọ́n lórí, àwa ọmọ ilé kéwú sì gbà pé kéèyàn ké ohun tó mọ̀ lórí ni wọ́n ń pè ní ìwé kíkà. Ìyá rò pé ojú mi ò burú púpọ̀, wọ́n ṣe awò tí kò lágbára fún mi. Pátákó kò mọ́ sí i rárá.

Bàbá mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ ti gbìyànjú. Orí ọmọ yìí ló falẹ̀, kì í ṣe ojú."

Ìyá yí mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n tún ògiri kà. Mo fọhùn sókè: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ̀ síbí!"



"Wọ́n ti kun ògiri yẹn láàárọ̀," Ìyá ní. "Búrẹ́dì ni wọ́n ń polówó níbẹ̀ báyìí." Wọ́n di ìhà mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Èmi àgbàyà! Àkọ́sórí ni mo ń wò, mo pè é lójú!" Wọ́n yíjú sí bàbá mi. "Fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i, ọmọ mi." Bàbá mi mi orí, wọ́n sì gbà.

Lọ́sẹ̀ náà, irin tó yọ ikùn bí ìdí ìkòkò ni Ìyá fi ń lọ gíláàsì, kí àárín rẹ̀ lè fẹ́lẹ́, kí etí rẹ̀ nípọn. Wọ́n ní inú ojú mi, ìmọ́lẹ̀ ń kánjú pàdé kó tó débi tó yẹ, àfi kí àwọn dá a dúró díẹ̀ létí gíláàsì, kó yà síta. Mo bi wọ́n bóyá èèyàn lè mú un rọra títí táá fi dúró pátápátá.

"Èmi ò mọ̀," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti gbà láti rọra, ta ló mọ ibi tó lè gbà dé?"

Ìyá ò gba ògiri gbọ́ mọ́. Ibùdókọ̀ Coconut ni wọ́n mú èmi àti bàbá mi lọ, níbi tí àwọn tírélà ti ń jáde láti èbúté Tin Can, wọ́n ní kí bàbá mi fúnra wọn yan èyí tí màá kà. Wọ́n na ọwọ́ sí ọ̀kan tó ṣì jìnnà. Mo wò ó. Lẹ́tà ń jáde látinú eruku, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

"ÀNA MI, Ẹ NÍ SÙÚRÙ."

Bàbá mi ò mọ ìwé yẹn kà, ti Lárúbáwá nìkan ni wọ́n mọ̀. Nígbà tí tírélà náà dúró ní páàkì, wọ́n sáré lọ bi dẹ́rẹ́bà léèrè ohun tó kọ síwájú mọ́tò rẹ̀. A gbọ́ ẹ̀rín dẹ́rẹ́bà: "'Àna mi, ẹ ní sùúrù' ni, Alhaji. Na my wife papa I dey tell!"

Bàbá mi rọra padà wá. Wọ́n bọ́ awò náà lójú mi, wọ́n fi etí bùbá wọn nù ún, wọ́n dá a padà. "Ìsẹ́yìn ò sí mọ́," ni wọ́n sọ.

Olùkọ́ físíìsì ni mo dà. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, mo gbọ́ lórí rédíò pé àwọn onímọ̀ kan lókè òkun ti mú ìmọ́lẹ̀ rìn nínú gáàsì kan tó tutù rinrin, ìmọ́lẹ̀ náà sì falẹ̀ débi pé mọ́tò lè sáré jù ú lọ. Ìyá ti kú nígbà náà. Mo pàtẹ́wọ́ nínú pálọ̀ lémi nìkan, mo sì sunkún.

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ṣì máa ń mú ọmọ wá bá mi pé ó falẹ̀. Mi ò kì í bá wọn jiyàn. Mo máa ń fa àga fún ọmọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, torí ohun tó yára jù láyé ti falẹ̀ rí, kí èmi lè ríran.