Báàgì Tí Ojú Kankan Kò Gbọdọ̀ Mọ̀

Kò sí ohun tó ń bí àgbàlagbà nínú bíi kí ara rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Denzil Caudill kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú oṣù Ẹrẹ́nà yẹn, síbẹ̀ ṣe ló ń rìn kiri bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ìpá ló dé bá a. Ó gbé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná lọ́nà tí kò yẹ kí ọkùnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún gbà gbé e, nǹkan sì já nínú rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó dùbúlẹ̀, ó dìde. Ìgbà tó dìde tán ni dókítà tó wá sọ fún un pé bẹ́líìtì kò gbọdọ̀ fún un níbàdí mọ́, pé ohunkóhun tó bá wúwo kò sì gbọdọ̀ rọ̀ síbẹ̀.

Ẹni tí kò bá àwọn ará òkè Kentucky nílẹ̀ Amẹ́ríkà gbé rí lè ní kí ló wá burú níbẹ̀, ṣebí kó máa wọ ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ ń gba èjìká. Ó ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbàdí yẹn ni ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ ń gbé láti ìgbà èwe rẹ̀, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń gbé àpò ẹlòmíràn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ìjọ Oníbatisí ti Pigeon Branch ti fi òun àti àwọn ọkùnrin mẹ́ta mìíràn ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé Ọlọ́run. Àga Denzil wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ojú ti lè tó gbogbo ẹni tó ń wọlé. Kò sí oyè mìíràn tí Denzil jẹ láyé ju àga yẹn lọ. Ojú kì í sì í tì í láti sọ ọ́.

Travis Slone ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó ti ṣe iṣẹ́ ológun, kò sì ju ẹgbẹ́ ọmọ Denzil lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó wá sílé, ó jẹ àkàrà òyìnbó tí Reva ìyàwó Denzil gbé fún un, ó béèrè àlàáfíà ojú abẹ, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbé e wá. Àwọn màmá ìjọ ti fẹjọ́ sùn pé ìbọn arákùnrin kan yọ síta níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ gbé àwo ọrẹ. Láti ìsinsìnyí lọ, ojú kankan kò gbọdọ̀ rí ìbọn, kò sì gbọdọ̀ rí àmì rẹ̀.

"Tí ẹ bá rí nǹkan tẹ́ẹ lè gbé e sí, tí ẹnikẹ́ni ò ní fura, àga yín ni o, Arákùnrin Denzil," ni Travis wí. "Tí ẹ ò bá rí i kó tó di Ọjọ́ Àjíǹde, ẹ jẹ́ kí Garland tá a jọ ń ṣe ẹ̀ṣọ́ bá yín jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀."

Fúngbà díẹ̀. Denzil mọ ìtumọ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹni tó bá gba àga lọ́wọ́ aláìsàn kì í dá a padà.

Ní àdúgbò yẹn, kò sí ilé àwọn tó ń gbé ìbọn tí kò ní páálí kan tí àkọ̀ ìbọn tí kò wúlò kún fọ́fọ́. Denzil fa tirẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ń fẹ́ kí èèyàn bẹ̀rẹ̀, ojú abẹ kò sì jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń gba abẹ́ abíyá kọjá ń ha èjìká tó kán nígbà tó ń wa kùsà. Ó tú páálí náà dé ìsàlẹ̀, ó dà á padà, ó fi ẹsẹ̀ tì í wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá ku báàgì, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká kan tí á wá sùn sí àyà.

Àkọ́kọ́ tó rà dúdú kirikiri, okùn àti ìdè gùn ún káàkiri. Ó gbé e lọ sí búkà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ bísíkíìtì, ìyẹn búrẹ́dì kékeré rírọ̀, àti ọbẹ̀ funfun láràárọ̀. Kò tíì jókòó tán tí Hobert Mullins, tí wọ́n jọ wa kùsà, fi gbé kọ́ọ̀bù kọfí rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọ̀gá ológun," ni Hobert wí, "ìlú wo lẹ fẹ́ lọ gbà?"

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Denzil jẹ bísíkíìtì rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ pákó, báàgì yẹn kò sì jáde nílé mọ́.

Èkejì jẹ́ aláwọ̀ eérú, ó kéré, kò ní ìdè kankan. Ẹni tó tà á fún un ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn búra pé ìyá òun gan-an á rò pé fóònù ló wà níbẹ̀. Denzil gbé e lọ ra oúnjẹ adìyẹ. Ọmọbìnrin tó ń gbowó wo àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní irú rẹ̀ ni bàbá òun ń gbé, ó wá béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá síìpù ibi tí ìbọn ń wọ̀ máa ń há lára tiyín náà, sà. Àánú ló ṣe é o, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Denzil ì bá fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúpẹ́, ó gbé àpò oúnjẹ adìyẹ sọ́kọ̀, ó jókòó síbẹ̀ pẹ́ kó tó ṣíná ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta wá burú ju gbogbo wọn lọ. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele sí i. Inú rẹ̀ rọ̀ bí ìfun, ìbọn á dojú dé nínú rẹ̀, ìdí á lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí Denzil yọ ọta kúrò tó sì ń dán an wò nínú yàrá, síìpù há dé ìdajì, kò lọ, kò bọ̀. Ó fà á títí ojú abẹ fi ń ta á, ló bá sọ báàgì náà mọ́ ògiri.

Ibi tí ìbínú rẹ̀ ti wá nìyí, mi ò sì dá a lẹ́bi. Àfonífojì tí gbogbo èèyàn ti ń gbé ìbọn ni wọ́n ti ní kó fi ìbọn pamọ́. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, àwòrán kan náà ni wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ìwé àwọn ọlọ́jà. Ta lèèyàn fẹ́ tàn jẹ níbẹ̀?

Reva ń ká aṣọ tó gbẹ nígbà tí báàgì kẹta balẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Gbogbo báàgì tí ò ń rà, ọwọ́ àwọn tó ń ta ìbọn lo ti ń rà á. Báwo ni wọn ò ṣe ní mọ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ìlú ńlá, sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọmọ tuntun. Denzil tẹ fìlà bojú láàárín àwọn aboyún, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Reva ló rí i: báàgì aláwọ̀ yanrìn tútù, tí wọ́n rán fún àwọn ọ̀dọ́ bàbá láti máa kó ìlédìí ọmọ. Àpò kan wà níwájú, ibi tí ìgò mílíìkì ń wọ̀ wà láàárín. Àpò kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì le wà lẹ́yìn, fún aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí tí wọ́n bá fẹ́ nù ún nídìí. Nílé, Denzil ki ìbọn rẹ̀ pẹ̀lú àkọ̀ rẹ̀ sí àpò ẹ̀yìn yẹn. Ó dúró gbọn-in. Síìpù lọ, ó bọ̀. Ó kó jígí ìkàwé rẹ̀ sí àpò iwájú, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti la inú rẹ̀.

Ní búkà, Hobert wo báàgì náà, ó na ọwọ́ sí i fún ìkíni.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Denzil. Reva bímọ, ẹ ò jẹ́ ká gbọ́?"

Denzil ní nǹkan ọmọ-ọmọ òun ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi jẹun tán, kò sì sẹ́ni tó fura. Ó fara da yẹ̀yẹ́ náà bí ẹni tó ń gbọ́ oríkì rẹ̀. Travis ní òun yóò yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Àjíǹde, pé bí òun kò bá rí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọjọ́ Àjíǹde pé, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Denzil wà lórí àga rẹ̀, báàgì wà láyà rẹ̀, àwọn èèyàn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wọlé. Orin ìpè àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ ti dé ẹsẹ kẹta nígbà tí Lonnie, àbúrò Reva, dìde láàárín èrò. Ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Lonnie. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá wọn ni kò ti dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rìn dé iwájú, ó kúnlẹ̀. Ní ìjọ yẹn, bí ọkùnrin bá kúnlẹ̀ níwájú, àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ gbé ọwọ́ lé e kí wọ́n bá a sunkún. Bí wọn kò bá lọ, ìtìjú ni fún ìdílé. Denzil ṣẹ́jú sí Garland pé kó bá òun ṣọ́ ilẹ̀kùn. Òun sì lọ síwájú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ Lonnie ni báàgì fì síwájú, ó gbá a létí. Ó tì í sẹ́yìn. Ó tún fì padà, ó tún gbá a. Ẹni tó ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí báàgì ń lù. Denzil bọ́ okùn náà lọ́rùn, ó ti báàgì sábẹ́ ìjókòó iwájú, ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé àna rẹ̀. Omi bọ́ lójú òun náà. Ìbọn tó wà níbàdí kò sẹ́ni tí í bọ́ ọ sílẹ̀ kó tó gbàdúrà, Denzil kò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń rántí ohun tí ara ti ń bá a rántí láti èwe.

Lẹ́yìn ìsìn, ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé adìyẹ díndín, ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo sílẹ̀. Reva di àbúrò rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Denzil ti bu oúnjẹ sáwo nígbà tí ìyá ọmọ kan kọjá pẹ̀lú báàgì léjìká. Ọwọ́ Denzil lọ sí àyà ara rẹ̀. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ó gun àtẹ̀gùn bí ojú abẹ ṣe gbà á láyè. Abẹ́ ìjókòó ṣófo. Ó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ gbogbo ìjókòó, kò sí. Kò lè pariwo pé ta ló rí báàgì òun, torí ẹni tó bá rí i lè ṣí i. Ó yẹ kó sáré lọ sọ fún Travis lójú ẹsẹ̀. Kò lọ. Ká sọ òótọ́, àga ló kọ́kọ́ rò, ó sì dúró láàárín ìjókòó, ó ń bú ara rẹ̀, ó ń bú ìpá, ó ń bú Lonnie tí kò rí ọjọ́ mìíràn ronú pìwà dà.

Màmá Ardith ló bá a níbẹ̀, ìyá arúgbó tó máa ń ṣa Bíbélì àti agbòòrùn tí àwọn èèyàn bá gbàgbé.

"Màmá, ẹ ò rí báàgì kan níwájú yìí?"

"Báàgì ìlédìí yẹn?" ni màmá dáhùn. "Mo ti bá wọn gbé e lọ sí yàrá àwọn ọmọdé. Àwọn ìyá ọmọ ìsinsìnyí, orí wọn ni wọ́n máa gbàgbé lọ́jọ́ kan."

Denzil kò mọ bí òun ṣe dé yàrá náà. Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń nu ọmọ kan nídìí. Báàgì náà wà láàárín àwọn báàgì ọmọ yòókù, lórí pákó tó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ, kò sì yàtọ̀ sí wọn rárá. Àpò iwájú ti ṣí. Josie, ọmọ Travis, ti yọ jígí ìkàwé Denzil, ó ti fi sójú, ó ń wo Denzil, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lórí síìpù ẹ̀yìn.

Denzil gba ọwọ́ kékeré náà kúrò níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Síìpù ẹ̀yìn kò tíì ṣí. Ó gbé báàgì náà kọ́rùn, ó jáde, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

Ibẹ̀ ni Travis ti bá a, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Arákùnrin Denzil, mo wò yín látòkè délẹ̀ láàárọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ó wà lára yín, mi ò sì rí i. Ẹ ti yege. Àga yín ni títí ọjọ́ alẹ́."

Ohun tó ti ń wá láti oṣù Ẹrẹ́nà nìyẹn, ẹnu Travis gan-an sì ni ó ti jáde. Bí ó bá ní o ṣé, ó parí. Obìnrin inú yàrá kò rí nǹkan kan, Màmá Ardith kò mọ nǹkan kan.

"Èmi náà ò rí i," ni Denzil wí.

Travis rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

"Mo fi sílẹ̀ níwájú, Travis. Wọ́n ṣà á, wọ́n gbé e sí yàrá àwọn ọmọdé. Ibẹ̀ ni mo ti lọ mú un báyìí. Fi Garland sórí àga yẹn."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Travis. Kò béèrè ìdí, kò béèrè ìgbà.

"Ibo nínú yàrá?"

Denzil tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ó fi tó orúnkún rẹ̀, ó sì fi í síbẹ̀. Travis wo ọwọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà ó kọjá lára rẹ̀, ó wọlé, ó gbé ọmọ rẹ̀. Nígbà tó jáde, jígí Denzil ṣì wà lójú ọmọ náà, kò sì sẹ́nì kankan nínú àwọn méjèèjì tó lè ní kó bọ́ ọ.