Màámi Fẹnu Ara Wọn Bá Dókítà Sọ̀rọ̀

Ó dìgbà o, Màámi. Abiyamọ tòótọ́, oníwà pẹ̀lẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í ga ju ti ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, ó dìgbà. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ, bí ẹni ń rìn lójú àlá ni mo ń rìn nínú ilé. Mo ń gbọ́ ohùn yín ní yàrá kejì. Bí mo bá dé ibẹ̀, n kì í bá ẹnikẹ́ni.

Láti Ìjẹ̀bú ni ẹ ti tẹ̀lé Bàámi wá sí Bìní. Gàrí àti ẹ̀wà ni ẹ ń tà ní ọjà Santana, Pijin ni ẹ sì fi ń bá àwọn oníbàárà yín sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ilé ìwòsàn tàbí bánkì, èmi àkọ́bí yín ni ẹnu yín, láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èmi á máa sọ, ẹ̀yin á máa mi orí.

Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí ẹ lè lọ sọ́jà mọ́, ẹ pè mí. Ẹ ní, "Títí, kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ti ọjà o. Mo fẹ́ fẹnu ara mi sọ ohun tó ń ṣe mí." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ò rẹ́rìn-ín.

Báyìí ni mo ṣe gé páálí mílíìkì sí wẹ́wẹ́, tí mo kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan sí i. A ó da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ẹní ní fàráńdà wa lẹ́bàá Airport Road, ẹ ó sì máa tò wọ́n títí wọn yóò fi di gbólóhùn. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni a máa ń ṣe é, lẹ́yìn ìjọsìn, nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí gbogbo àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkọ̀ òfurufú á kọjá, atẹ́gùn á fẹ́ páálí, ẹ ó sì rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bò wọ́n bí ẹni ń bo òròmọdìyẹ. Ètè yín á máa mì jẹ́jẹ́ láìsí ohùn. Ẹ kì í fẹ́ kí "I", tó dúró fún èmi, ṣíwájú "Doctor". Ẹ ó ní, "Ta ló ń ti ara rẹ̀ síwájú àgbà báyìí?" Màá tún un tò, ẹ ó sì máa kùn. Nígbà mìíràn, oorun á gbé àwa méjèèjì lọ lórí ẹní yẹn, páálí á ṣì wà lọ́wọ́ yín. Mi ò rò pé mo tún lè ní irú àlàáfíà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Màámi, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ẹni tó ń ka ìwé ìdágbére yìí. Nígbà tí àìsàn tó mú yín lọ yìí wọlé, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín lẹ́ẹ̀kẹta, dókítà ní kí n bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ ní, "Sọ fún un pé ó tó. Ilé ni mo fẹ́ lọ." Mo yíjú sí dókítà, mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ ní kí wọ́n ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ kú. Mo ti gbàgbé pé ẹ ti ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ wò mí pẹ́. Ètè yín bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn: "Doctor, I want to go home. My daughter is afraid. I am not afraid." Dókítà fa àga, ó jókòó tì yín, kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ojú tì mí. Inú bí mi sí yín pẹ̀lú, kí n má parọ́. Nínú mọ́tò tó ń gbé wa lọ sílé, nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ikpoba Hill, ẹ di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní, "Má bínú, Títí. Ara tèmi ni."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹ lò nílé, lẹ́bàá fèrèsé, tí àwọn ọmọ-ọmọ yín ń fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ilé ẹ̀kọ́ wọn fún yín, tí ẹ sì ń dá wọn lóhùn.

Lánàá, pásítọ̀ bi mí ní ohun tí ẹ sọ kẹ́yìn, kí wọ́n lè mẹ́nu bà á nínú ìwàásù. Ó ṣe mí bíi kí n wá ọ̀rọ̀ ńlá kan fi sí yín lẹ́nu. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ ohun tí ẹ sọ gan-an: ẹ ní kí n bá yín bu omi tútù wá, kí n sì lọ sinmi, nítorí ó ti rẹ̀ mí. Màámi, mo ń lọ sinmi. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn re o.