Hùmúàní Kó Àmù Wọ Rélùwéè

Ohùn Hùmúàní kò tó adìẹ lé. Bó bá ń lé adìẹ nídìí àgbàdo, adìẹ á gbójú sókè, á wò ó bí ẹni ń wo àlejò, á sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀, obìnrin tí adìẹ kò kà sí yìí ni ogún amọ̀kòkò ń tẹ̀ lé ní àdúgbò Dada, nílùú Ìlọrin, láyé ìgbà tí rélùwéè òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú.

Ohun tó fi ń darí wọn kò ju ọ̀rọ̀ atẹ́gùn lọ. Iná kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi ń sun ìkòkò. Ìkòkò tó bá wà lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, àfàìmọ̀ kó má sán, nítorí náà gbogbo ìgbà ni wọ́n ń jà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Lọ́jọ́ kan, Hùmúàní kàn dákẹ́, ó kó tirẹ̀ sí ojú atẹ́gùn. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú ti àwọn oníjà. Láti ìgbà náà, bó bá ní ká tan iná, wọn á tan án. Bó bá ní ó dọ̀la, ó dọ̀la nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ọkọ ní Òṣogbo ló ránṣẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ń wá àmù Ìlọrin, nítorí pé ó ń mú omi tutù. Orí ni àwọn obìnrin Dada ti fi ń ru àmù lọ sọ́jà tẹ́lẹ̀, ibi tí agbára ọrùn bá mọ lọjà wọn ń mọ. Yàrá ẹrù kan nínú rélùwéè á gba iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Hùmúàní sọ ọ́, wọ́n gbà, wọ́n kó àmù fún un. Ó tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó síná: ó dojú wọn dé, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Kò sí ẹni tó rántí pé iná kì í rìn, pé rélùwéè ló ń rìn.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ní Òṣogbo, àmù mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù.

Kò sunkún. Ó jókòó sáàárín àpáàdì, ó ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ ọnà tó máa ń fín sọ́rùn àmù tirẹ̀, nítorí náà ó mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dì wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó kó wọn padà wálé, ó sì ń gbé wọn kiri láti ilé dé ilé.

Ilé Àbẹ̀ní ló kọ́kọ́ lọ, àgbà gbogbo wọn, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

"Ìyá, ẹ káàárọ̀ o."

"Káàárọ̀. Àmù mi dà?"

Hùmúàní tú àpò sílẹ̀. "Òun nìyí, Ìyá. Èmi ni mo tò ó bí ẹni tó fẹ́ sun ún. Àṣìṣe mi ni, kì í ṣe ti rélùwéè."

Àbẹ̀ní wo àpáàdì, ó wo Hùmúàní. "Àmù mẹ́fà lo kó lọ, o wá kó ọgọ́ta bọ̀. Rélùwéè yìí mà ń bímọ o!"

Kò sí ẹni tó bú u jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó dùn ún nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n kírun Alásárì tán, ọkọ rẹ̀, Yísà, tó ń kọ́ ọmọ ní kéwú, rí i tó jókòó gẹlẹtẹ.

"Hùmú, ṣé wọ́n bínú ni?"

"Àáfáà, wọn ò bínú. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n ní kí n sinmi, pé àwọn á máa tan iná fúnra wọn. Bí mi ò bá rí nǹkan ṣe sí i, wọn ò tún ní gbọ́kàn lé mi mọ́ láé."

Yísà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Bí ọmọ mẹ́wàá bá ṣi wàláà kà, tí ọ̀kan kà á re, ẹni tó kà á re ni mo máa ń bi léèrè. Àmù mẹ́ta tó pé yẹn, kí ló yọ wọ́n?"

Hùmúàní lanu. Ládi ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníṣòwò kan ní àdúgbò Gàmbàrí, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun fi wọ́n kó ẹ̀pà fún ọmọ òun ní Òṣogbo. Ládi ti rọ ẹ̀pà kún inú wọn, ó fi koríko dí ẹnu wọn, ó sì fi wé wọn bí ọmọ ọwọ́. Hùmúàní dìde fùú, kò dúró wọ bàtà.

"Oúnjẹ mi ńkọ́?" ni Yísà pariwo tẹ̀ lé e.

"Ó wà nínú ìkòkò!"

"Ìkòkò wo ló tún kù nílé yìí?"

Lọ́jọ́ Àlàmísì, ó pe àwọn obìnrin jọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn agboolé. Agbọ̀n ńlá mẹ́ta wà níbẹ̀, àmù tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn, ó fi èèpo ẹ̀pà kún inú rẹ̀, ó sì fi koríko há a yí ká.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹsẹ̀ gbá a."

"Kí n fẹsẹ̀ gbá kí ni?" ni Àbẹ̀ní bèèrè.

"Agbọ̀n yẹn, Ìyá."

"Láti ọjọ́ tí àmù mi ti fọ́ ni mo ti ń wá nǹkan tí mo máa gbá!" Ó ká ìró sókè. Agbọ̀n àkọ́kọ́ yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, ewúrẹ́ fọ́n ká. Kò dúró kí wọ́n bẹ òun kó tó gbá ìkejì àti ìkẹta.

Wọ́n tú u. Àkọ́kọ́ pé. Ìkejì pé. Hùmúàní fúnra rẹ̀ ló ti ọwọ́ bọ ìkẹta. Ì bá ti fọwọ́ bo ibi tó sán, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i: ó ti sán lọ́rùn.

"Bó ṣe máa rí nìyẹn," ló wí. "Nínú mẹ́ta, ọ̀kan lè lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ má kó gbogbo iṣẹ́ yín fún mi mọ́. Ẹni tó bá wù, kó mú méjì wá, méjì tí kò ní pa á lára bó bá fọ́. Ẹni tí kò bá wù, a ò ní torí ẹ̀ ṣọ̀tá."

Wọ́n ń tú ká lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tí ẹrù máa lọ, òun nìkan ló wà ní téṣàn, tòun ti àmù tirẹ̀. Ó ń há koríko díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò wojú ọ̀nà rárá, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà nìkan ló ń wò. Nígbà tó yá, ọ̀kan yọ pẹ̀lú méjì. Ẹlòmíràn yọ. Wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń kí i bí ẹni pé lánàá ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn.

Àbẹ̀ní ló dé kẹ́yìn. Méjì wà lórí tirẹ̀. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ru méjì-méjì tẹ̀ lé e.

"Ìyá, méjì ni mo wí."

"Mo gbọ́. Etí mi kò tíì di."

"Bó bá fọ́ ńkọ́?"

"Yóò fọ́ náà ni. O ò ní sọ fún mi pé olè ló jí i. Bísímílà, gbà á lórí mi jàre, ọrùn ń dùn mí!"

Hùmúàní sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri, ó ń fi etí ìborùn nu ojú. Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní èéfín rélùwéè ni.

Rélùwéè kò sì tíì dé.