Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Sọ Nídìí Ẹ̀rọ Omi

Màmá wà nínú odó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe irú, wọ́n fi ọwọ́ kan di ògiri mú, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ hóró tí a sè mọ́jú kí èèpo rẹ̀ lè bó. Fọ̀tọ̀-fọ̀tọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ń dún. Èmi dúró tì wọ́n pẹ̀lú korobá omi, mo ń retí ìgbà tí wọ́n á ní kí n dà á sí i, nígbà tí mọ́tò kan dúró ní ọ̀ọ́kán ilé wa. Ilẹ̀kùn mọ́tò náà gbá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó jọ ohùn Màmá gẹ́lẹ́, àfi pé ó mọ́ ju tiwọn lọ, bí ohùn ẹni tí èéfín kò kó sí lọ́fun rí.

“Táyé! Táyé o! Mo ti dé o!”

Màmá kò dúró. Ńṣe ni ẹsẹ̀ wọn tún yára sí i.

“Màmá, wọ́n ń pè yín,” ni mo wí.

“Mo gbọ́. Kẹ́hìndé ni. Ó rán mi níṣẹ́ láti inú ìyá wa wá, kò sì tíì jẹ́ kí n sinmi.”

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yẹn, pé Táyé ló kọ́kọ́ jáde ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán èkejì rẹ̀ kó lọ tọ́ ayé wò. Àwọn ènìyàn a máa fi ṣàwàdà. Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, kò fi ṣàwàdà rí. Ní tiwọn, bí ayé wọn ṣe máa rí ni wọ́n ti sọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wọn.

Inú Ìwó ni à ń gbé, ní àdúgbò àwọn onítẹ̀bọmi, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ìyá mi àti bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ọ̀nà jìn, ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n fi mí sí. Kẹ́hìndé, èkejì Màmá, ti ṣe tíṣà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, wọ́n wá kọ́ ilé kékeré kan sí iwájú ilé wa gan-an, ọ̀nà tóóró kan ló là wá láàárín. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí ni wọ́n kó wọ inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n ní Ìyá Tíṣà.

Ìtàn kan wà tí Màmá máa ń sọ, mo ti mọ̀ ọ́n ju orin ìjọ lọ. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ní oko lọ́nà Olúpọ̀nnà, tíṣà kan wá bá bàbá wọn pé kó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà wá sí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá ní ẹyọ kan lòun lè yọ̀ǹda, nítorí ẹsẹ̀ ń dun ìyá wọn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa pọnmi. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun ṣe ojúsàájú. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ẹ̀kúrọ́ kan sínú ọ̀kan, ó dì wọ́n, ó nà wọ́n sí wọn. Kẹ́hìndé mú èyí tó ní ẹ̀kúrọ́.

“Ọwọ́ tó ṣófo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi,” ni Màmá máa ń fi parí rẹ̀.

Kò sí ohun tí ọwọ́ òfìfo yẹn kò lè ṣàlàyé. Irú kò ta lọ́jà, ọwọ́ tó ṣófo ni. Ọkọ wọn kú ní kùtùkùtù, ọwọ́ tó ṣófo ni. Bí wọ́n bá sì gbá mi létí láìnídìí, tí mo jókòó sí kọ̀rọ̀ tí mò ń ṣunkún, wọ́n á ní, “Má wò mí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Ẹni tí kò rí nǹkan gbà, kí ló fẹ́ fi ṣoore?”

Láti ọjọ́ tí Ìyá Tíṣà ti dé, ojú Màmá kò kúrò ní fèrèsé. Wọ́n mọ ìgbà tí Ìyá Tíṣà jí, wọ́n mọ aṣọ tí wọ́n sá, wọ́n mọ ẹni tó wá kí wọn àti ohun tó gbé dání. “Wò ó bó ṣe ń fi ìka méjì mú aṣọ,” ni wọ́n á wí, “bí ẹni pé omi á jó o.” Òórùn ọṣẹ àti pọ́dà a máa wà lára Ìyá Tíṣà. Tiwa, òórùn irú wà lára aṣọ wa, lára bẹ́ẹ̀dì wa, lára Bíbélì pàápàá. N kò mọ̀ pé òórùn ni, àfi ìgbà tí mo rí Màmá tí wọ́n ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra ọwọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, tí wọ́n tún ń rà á.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Ìyá Tíṣà fi abọ́ ìrẹsì ránṣẹ́ sí wa, ẹran wà lórí rẹ̀. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó gbé e wá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n dà á fún adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń wo àwọn adìyẹ náà bí wọ́n ṣe ń jẹ. Mo rí i tí wọ́n ń dá itọ́ mì.

Kò pẹ́ tí Ìyá Tíṣà fi to bẹ́ǹṣì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n gbé pátákó ìkọ̀wé kọ́ ara ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́. Wọn kò gba kọ́bọ̀. Ohùn àwọn ọmọ náà a máa wọ ilé wa bí wọ́n bá ń kàwé papọ̀, ohùn wọn á lọ sókè, á tún wálẹ̀. Màmá kò jẹ́ kí n lọ. Mo máa ń jókòó ti ìkòkò irú, mo máa ń da ẹnu pọ̀ mọ́ wọn ní jẹ́jẹ́, mo sì ń jowú ọmọ kọ̀ọ̀kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn débi pé mo máa ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ lé wọn lórí. Nítorí náà n kò lè sọ pé n kò mọ ohun tó ń ṣe Màmá. Abẹ́ òrùlé kan náà ló ti ń ṣe àwa méjèèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan a wà nídìí ẹ̀rọ omi. Àwọn obìnrin to korobá kalẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọjà. Ọmọkùnrin kékeré kan gba ibẹ̀ kọjá, ó ń ka ohun tí Ìyá Tíṣà kọ́ ọ lánàá sókè, ó ń ju ọwọ́ fẹ̀rẹ̀ fẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó dúró lẹ́yìn wa, tí kò ní ohun búburú kankan lọ́kàn, wá ní:

“Ìyá, ẹ̀yin méjèèjì ṣáà jọ wáyé lọ́jọ́ kan ni. Báwo ni ti èkejì yín ṣe wá dára tó báyìí?”

Màmá gbé korobá sílẹ̀. Mo ń wo ojú wọn. Wọ́n la ẹnu, wọ́n pa á dé. Wọ́n wo ọ̀nà ilé. Wọ́n tún là á.

“Ẹ bi í léèrè ibi tó gbé orí mi sí.”

 Korobá tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ kún, omi ń ṣàn dànù, kò sí ẹni tó sún un. Màmá gbé tiwọn rù, a lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró síbi tí wọ́n sọ ọ́ sí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé Ìyá Tíṣà ló gba orí èkejì wọn lò, pé owó ìfẹ̀yìntì kọ́ ló kọ́ ilé yẹn. Ibà mú ọmọ kan, ìyá rẹ̀ ní láti ìgbà tó ti ń lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan dé tí kò sí ẹyọ kan. Ìyá Tíṣà nu pátákó wọn bí wọ́n ṣe máa ń nù ún, wọ́n kọ déètì sí i, wọ́n jókòó ti bẹ́ǹṣì òfìfo títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo rò pé inú Màmá á dùn. Wọ́n dúró ní fèrèsé, oúnjẹ tútù sẹ́yìn wọn.

“Kì í ṣe èmi ni mo ní kí wọ́n má rán ọmọ wọn wá,” ni wọ́n sọ. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, n kò sì bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Tíṣà sọdá ọ̀nà. Màmá ń koná lábẹ́ irú. Ìyá Tíṣà kò jókòó.

“Táyé, ṣé ìwọ lo sọ ọ́?”

“Ẹnu mi ló yọ.”

“Ṣé ìwọ lo sọ ọ́?”

Màmá nàró. “Kí lo fẹ́ kí n sọ? Bí Ọlọ́run ṣe kọ tèmi nìyẹn. Ìwọ lo mú ẹ̀kúrọ́, èmi mú òfo. Inú wo lo fẹ́ kí ẹni tó mú òfo ní sí ẹ?”

 Igi ń ta páró nínú iná.

“Táyé, ta ni Bàbá ní kó kọ́kọ́ mú?”

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ti igi bọ inú iná.

“Ìwọ ni. Bàbá ní ìwọ lo kọ́kọ́ jáde, kí ìwọ kọ́kọ́ mú. Èyí tó o fi sílẹ̀ ni mo gbà.”

N kò gbọ́ apá yẹn nínú ìtàn náà rí. Màmá figbe ta, “N ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀! Kẹ́hìndé, n ò mọ̀!”

“Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè bá ẹ wí nítorí ìyẹn, ìwọ náà ò sì lè bá mi wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó o sọ nídìí ẹ̀rọ, o mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ kó o tó la ẹnu. Ìyẹn kì í ṣe Bàbá ló dì í mọ́wọ́.”

Wọ́n yí padà, wọ́n sọdá. Màmá jókòó sórí àpótí. Irú jó nínú ìkòkò, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, wọn kò sọ ohunkóhun nípa ọwọ́ kankan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jí mi, wọ́n ní kí n gbé korobá. Omi wà nílé. Nígbà tí a dé ìdí ẹ̀rọ, wọn kò tò sí ẹ̀yìn. Wọ́n lọ dúró síwájú gbogbo àwọn obìnrin náà, wọ́n sì kúnlẹ̀. Àwọn tó kéré sí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, “Ẹ dìde, Ìyá! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!”

“Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́,” ni Màmá wí. “Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa èkejì mi, irọ́ ni. Kò gba orí ẹnikẹ́ni. Owú ni mò ń jẹ.”

“Ìyá, kádàrá ni,” ni ẹnìkan sọ, ó fẹ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ ìtìjú.

“Má fi kádàrá daṣọ bò mí, ọmọ mi. Mo la ẹnu lọ́jọ́ yẹn, mo tún pa á dé, lẹ́yìn náà ni mo là á. Mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Èmi ni n ò gbé e mì.”

Bí ìtàn bá rí bí a ṣe ń fẹ́ kó rí, gbogbo ọmọ ìbá padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Díẹ̀ padà. Àwọn kan sọ pé Ìyá Tíṣà ló de èkejì wọn lẹ́nu, tó fipá mú wọn sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn yẹn ṣe ń wo Ìyá Tíṣà títí Ìyá Tíṣà fi kú, tí wọ́n á fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí Ìyá Tíṣà bá ń kọjá. Màmá rí i nígbà gbogbo. Wọ́n á rìn bọ́ síta, wọ́n á lọ bá èkejì wọn, wọ́n á jọ rìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdí ẹ̀rọ náà, èmi ni Màmá kọ́kọ́ mú sọdá. Wọ́n gbé mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, wọ́n ní, “Ọmọ tèmi rèé.” Màmá fúnra wọn jókòó sí àtẹ̀gùn, wọn kò lọ.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán, mo gbọ́ tí Màmá ní, “Kẹ́hìndé, má tàn mí o, mo ṣì ń jowú ẹ.”

Ìyá Tíṣà rẹ́rìn-ín. “Mo mọ̀. Èmi náà ń jowú ẹ.”

“Èmi? Nítorí kí ni?”

“Ọwọ́ ẹ ni ìyá wa kú sí. Orúkọ ẹ ni wọ́n ń pè. Mo wà nílé ẹ̀kọ́, mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.”

Màmá wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún wọn rí pé ohun kan wà lọ́wọ́ wọn tí ènìyàn lè fẹ́ gbà.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Èmi náà di tíṣà, ní Ilé-Ogbó, n kò sì lè sọ fún yín bóyá èmi ni mo yàn án tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló yàn án fún mi. Mo ti dẹ́kun bíbi ara mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé owú kò kú pẹ̀lú Màmá. Ó wà nínú mi, mo mọ bó ṣe ń gorí àyà bọ̀. N kò pè é, n kò sì lè ní kó má wá.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi ọ̀rẹ́ mi ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Àwa méjèèjì la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi ni mo sì ń retí ipò náà. Nígbà tí a jókòó nínú yàrá àwọn tíṣà, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fà mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Antí, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn. Báwo ni wọ́n ṣe rí i gbà gan-an?”

Èsì ti dé orí ahọ́n mi. Gbólóhùn kúkúrú ni, kò ní jẹ́ irọ́ pátápátá. Mo mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo gbé e mì, ó korò, mo wá ní, “Ó ṣiṣẹ́ fún un ni. Ó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ.”

Ó dùn mí wọra bí mo ṣe ń sọ ọ́. Òótọ́ sì ni.