Ọ̀rá Ìrù Àgùntàn Nínú Ihò Kọ́kọ́rọ́

Kò sí ohun tó bàjẹ́ tí Sagimbay kì í fi ọ̀rá ìrù àgùntàn wò. Bí ikọ́ bá ń ṣe ọmọdé, ọ̀rá ni yóò fi pa á láyà. Bí ilẹ̀kùn bá ń ké, ọ̀rá ni. Bàtà aláwọ tó gbẹ, gàárì ẹṣin, àgádágodo ẹnu géètì, gbogbo wọn ló ń tọ́ ọ̀rá wò nílé rẹ̀. Àwọn ará òpópónà rẹ̀ ní Naryn, ìlú olótùútù kan láàárín àwọn òkè, máa ń sọ pé ọ̀rá náà ló ń mú irùnmú rẹ̀ dán, pé ajá tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà á kọ́kọ́ lá ẹnu kó tó rántí gbó. Ẹ má rò pé àgùntàn lásán ni mò ń sọ o. Ìrù àgùntàn ibẹ̀ fẹ̀ bí ìrọ̀rí, bí wọ́n bá sì pa ọ̀kan nígbà òtútù, ọ̀rá ìdí rẹ̀ nìkan tó agboolé kan jẹ títí yìnyín yóò fi yọ́.

Awakọ̀ ni Sagimbay nígbà tí agbára ṣì wà. Ọkọ̀ akẹ́rù oko ìjọba ló wà kí ìjọba ọ̀hún tó túká, kò sì sí ìjókòó tí kò ti ní sọ ọ́ pé òun kò gbé ọkọ̀ fún mẹkáníìkì rí. Ó ní lọ́jọ́ kan tí okùn ẹ́ńjìnnì já mọ́ òun lọ́wọ́ lórí òkè, irun ìrù ẹṣin lòun fi hun òmíràn, ọkọ̀ náà sì sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni bá fẹ́ kó gbà á gbọ́. Ohun tó dájú ni pé orúkọ yẹn, orúkọ àgbà awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, òun nìkan ló kù fún un. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kéré, eyín rẹ̀ ti ń kán, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Nurdin, sì wà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà níbi tó ti ń kọ́lé fún àwọn ẹlòmíràn.

Nígbà tí òtútù ọdún yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ àtijọ́ aláwọ̀ eérú kan tí Nurdin rà fún un, bẹ̀rẹ̀ sí í le nínú ihò rẹ̀. Kí ni Sagimbay ṣe? Ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹran sí, ó gé ọ̀rá tó tó àtàǹpàkò, ó fi pa kọ́kọ́rọ́ náà tinútẹ̀yìn, ó tì í wọ ihò, ó fà á jáde, ó tún pa á, ó tún tì í. Kọ́kọ́rọ́ ń wọlé wẹ́rẹ́, ó ń jáde wẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ń fọn fèrè lẹ́nu.

Ìyàwó ọmọ rẹ̀, Ayzirek, ló ń gbé garawa eérú kọjá. Ó rí i. Bàbá Ayzirek tí ń jẹ́ Dosaly ti wa ọkọ̀ agbépo lórí òkè Dolon fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló sì kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà. Ọmọ náà mọ̀ pé ohun tí òtútù bá lè mú dì kò gbọdọ̀ wọ inú irin kékeré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, bíi tiwa náà, ìyàwó kì í dá bàbá ọkọ lẹ́jọ́. Kì í tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ilé ń jó. Ayzirek wo ilẹ̀, ó gbé eérú rẹ̀ kọjá.

Kò pẹ́ tí òtútù gan-an fi dé. Òtútù tí mò ń wí yìí, bí èèyàn bá tu itọ́, á gbọ́ bó ṣe dún lórí ilẹ̀ bí òkúta. Àárín òtútù yìí ni Dosaly sọdá òkè wá láti Kochkor, ó wá kí ọmọ rẹ̀. Sagimbay gbà á lálejò bí ọba. Wọ́n pa àgùntàn, wọ́n gbé orí ẹran síwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí àlejò máa lọ, eyín ń dun Batma, ìyàwó Sagimbay, Ayzirek ló sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé baálé ilé kò lè fi àna rẹ̀ sílẹ̀.

Òtútù òru yẹn le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilẹ̀ mọ́. Dosaly fẹ́ tètè lọ kí yìnyín tó dí ọ̀nà òkè.

"Èmi fúnra mi ni yóò gbé yín délé," ni Sagimbay wí. "Kí ni ẹ fẹ́ lọ wọ ọkọ̀ èrò fún? Kí wọ́n máa ha yín bí ọ̀dùnkún inú àpò?"

Ó jáde lọ tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kí ó lè gbóná. Kọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́ kọ̀ láti wọlé. Ó fi ipá tì í. Ó kọ̀ láti yí. Ó di eyín mú, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí i, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ mu tíì.

Ẹran àti aṣọ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí ilé àna wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó sí búùtù. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí búùtù. Sagimbay padà sínú ọkọ̀ láti pa á kó lè yọ kọ́kọ́rọ́. Kò yí. Ó fà á, kò jáde. Ó mi sítíárín sọ́tùn-ún, ó mì í sósì, ó tẹ bíréèkì, ó tún fà á. Àfi bíi pé wọ́n ti jó o mọ́ ibẹ̀. Òógùn bọ́ sójú rẹ̀ nínú òtútù yẹn. Kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ kú lójijì, nítorí bí kọ́kọ́rọ́ kò bá yí, kò sí ohun tí yóò jí i padà, bẹ́ẹ̀ ni àlejò ń dúró.

Ọkọ̀ ń hó, ó ń tú èéfín. Shambet, aládùúgbò tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fi ojú ṣọ́ ilé onílé, yọ orí lókè ògiri.

"Sagimbay! Ọkọ̀ yìí ti ń hó láti àárọ̀. Ṣé tíì lo fẹ́ fi í sè ni?"

"Jókòó sílé rẹ, Shambet."

"Mo kàn béèrè ni. Mo ní bóyá ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró."

Àwọn méjì tó ń kọjá dúró. Obìnrin kan tó ń lọ ra búrẹ́dì náà dúró. Kí ó tó ṣẹ́jú, ẹnu géètì ti kún, wọ́n ń fẹ́ èémí sọ́wọ́, wọ́n ń wo àgbà awakọ̀ tó ń bá kọ́kọ́rọ́ jà. Batma jáde, ó fi ìborùn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. Dosaly jáde tòun ti fìlà funfun rẹ̀. Ayzirek wà lẹ́yìn wọn, ìkòkò tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àna mi, ṣé kò sí wàhálà?" ni Dosaly béèrè.

"Wàhálà kẹ̀! Lọ́wọ́ tèmi?" Ó tún fà á. Kò mì.

"Ẹ pe mẹkáníìkì o!" Shambet kígbe. "Àbí ẹ jẹ́ ká wá ìrù ẹṣin?"

Gbogbo ẹnu géètì bú sẹ́rìn-ín. Etí Sagimbay gbóná bí ìgbà tí wọ́n fi iná kàn án. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀ sí i.

"Ṣé èmi ni? Ẹ bi ìyàwó yìí! Òun ló wà á lánàá. Ó ti yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni ń ro nǹkan nínú ìkòkò. Ohun tó ṣẹ́ síbẹ̀, òun ló mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rín dákẹ́. Gbogbo ojú yí sí Ayzirek. Ó tẹ orí ba. Dosaly ṣí fìlà orí rẹ̀, ó dì í mú níwájú àyà, orí rẹ̀ tó ti hewú wà níta nínú òtútù.

"Àna mi, ẹ má bínú," ó wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, èmi ni mi ò kọ́ ọ dáadáa."

Ì bá sàn kó gbá Sagimbay létí. Ó ti mọ̀, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀, pé irọ́ ni. Ó ti rántí ọ̀rá. Ọ̀nà tí yóò fi gbé e mì ni kò rí.

Dosaly wọ inú ọkọ̀, ó jókòó ti àna rẹ̀. Ó tẹ etí mọ́ ihò kọ́kọ́rọ́, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. "Kò ṣẹ́," ó wí. "Nǹkan ló dì síbẹ̀. Ayzirek, gbé omi gbígbóná wá, àti àkísà."

Wọ́n rẹ àkísà sínú omi, wọ́n fi yí kọ́kọ́rọ́ ká. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n jẹ́ kí ooru ẹ́ńjìnnì máa fẹ́ wọlé. Sagimbay jókòó, ó ń wo ibẹ̀ bí ẹni tó ń wo ẹnu ihò tí ejò wọ̀. Ó ń gbàdúrà pé kó má yọ́. Ó ń gbàdúrà kan náà pé kó yọ́.

Òórùn ló kọ́kọ́ jáde. Òórùn ẹran àgùntàn gidi, bí ìgbà tí wọ́n ń se ọbẹ̀ ọdún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀kán ofeefee kan yọ lẹ́nu ihò, ó gùn, ó sì kán sórí ọwọ́ Dosaly. Dosaly fi ìka kàn án. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ta ló ń dín ẹran?" Shambet béèrè, imú rẹ̀ ti nà jáde.

Dosaly nu ọwọ́ mọ́ àkísà. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ọ̀rá ìrù? Nínú kọ́kọ́rọ́? Ta ló fi í síbẹ̀?"

Batma wo ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀, ta ni kò mọ̀ nínú ilé yẹn? Ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó sì jẹ́ aya.

"Èmi ni, bàbá," ni Ayzirek wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ó ń le, mo wá fi ọ̀rá sí i."

"Ìwọ?" Dosaly yí padà sí i. "Ìwọ tí mo gbé jókòó lórí ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀ agbépo? Ìwọ lo ṣe irú èyí, o tún jẹ́ kí bàbá ọkọ rẹ dúró kí ayé máa fi í rẹ́rìn-ín? Lọ mú ìborùn rẹ. O máa bá mi lọ sílé. Ìgbà tí o bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan olóhun, ìgbà náà ni n ó dá ọ padà."

Ayzirek kò jiyàn. Ó gbé ìkòkò tíì sílẹ̀, ó yí sí ẹnu ilẹ̀kùn. Obìnrin tó ń lọ ra búrẹ́dì ti pòṣé. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó máa dé gbogbo òpópónà pé wọ́n dá ìyàwó Nurdin padà sílé bàbá rẹ̀ torí pé kò mọ nǹkan tọ́jú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti dé Rọ́ṣíà lórí fóònù.

Sagimbay rí ọ̀nà àbáyọ tó là gbàrà níwájú rẹ̀. Kó sáà dákẹ́ ni. Orúkọ rẹ̀ á kù fún un. Ó wo ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà bó ṣe ń lọ, kò yára, kò sunkún, bàtà rẹ̀ ń dún lórí yìnyín, ojú sì ti Sagimbay.

"Ọ̀rá mi ni," ó wí.

Ẹ́ńjìnnì ń hó, kò sẹ́ni tó gbọ́. Dosaly ti tẹ̀ ba kọ́kọ́rọ́, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rá ṣe ń yọ́. Ayzirek ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Sagimbay fa èémí, ó fi gbogbo agbára ké. Bó ṣe ń ké ni kọ́kọ́rọ́ yí, ẹ́ńjìnnì sì kú pátápátá. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ tó balẹ̀, ohùn rẹ̀ gba ojú ọ̀nà já:

"ÈMI NI MO FI Ọ̀RÁ SÍ I! IRỌ́ NI MO PA MỌ́ ỌMỌ YẸN!"

Wọ́n ní ẹni tó ń fún wàrà màlúù lódìkejì odò gbọ́ ọ. Èmi kò ní sọ pé kò gbọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá tilẹ̀ dára kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Shambet pàápàá fa orí rẹ̀ sẹ́yìn ògiri. Dosaly yọ kọ́kọ́rọ́, ó nù ún, ó wò ó pẹ́.

"Ó dáa, àna mi," ó wí. Ó ké sí ọmọ rẹ̀ pé kó padà wá. Ó dé fìlà rẹ̀ padà.

Wọ́n fi epo bẹntiróòlù díẹ̀ fọ inú ihò náà, wọ́n nù ún, wọ́n dúró kó gbẹ. Ayzirek ha dúdú inú pẹ́ńsùlù, tí òtútù kò lè mú dì, sórí bébà, ó fẹ́ ẹ wọlé, ó ti kọ́kọ́rọ́ sí i, ó yọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà rìn bó ṣe yẹ. Sagimbay dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kò ní ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe. Ó na ọwọ́ mú àkísà, ó rí i pé wọn kò nílò àkísà mọ́, ó gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti kó ẹran àti aṣọ sí búùtù, gbogbo wọn dúró. Ibi ìjókòó awakọ̀ ṣófo. Ayzirek na kọ́kọ́rọ́ sí bàbá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn.

"Ìwọ ni kó o wà á," ni Sagimbay wí fún ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ sọ pé ẹ máa gbé wọn délé."

"Mo sọ ọ́. Wà á."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó níbi tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó. Dosaly jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn tó kù ní ẹnu géètì yà fún wọn. Wọ́n jáde nílùú, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ooru ọkọ̀ ń fẹ́, òórùn àgùntàn sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu.

Ayzirek gbé ojú sókè sí dígí ọkọ̀, ó rí ojú bàbá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, pupa bí ẹran tútù.

"Bàbá, ṣé ooru ń mú yín ni? Kí n dín in kù?"

"Rárá," ni Sagimbay wí. Ó yí ojú sí fèrèsé. "Jẹ́ kó máa fẹ́, ọmọ mi. Òtútù ń mú mi."